Ríìmù Ọkọ̀ Mi àti Ọ̀rọ̀ Tí Kàsímù Sọ Lẹ́ẹ̀kan

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò tó náírà kan, adìyẹ sì máa ń wà nínú ti Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ní náírà mẹ́wàá lápò, ọlọ́lá ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ọkọ̀, náírà mẹ́fà ni mo fi kun ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó kùn ún tún bu omi tútù fún mi mu, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé mo fún un ní ilẹ̀.

Lónìí, ní Ìkòtún, ríìmù irin mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni tó bá jẹ́ ọ̀dà lásán. Tó bá jẹ́ ti páúdà, èyí tí wọ́n ń yan nínú iná, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin! Ìyá mi kò fojú rí iye yẹn títí tó fi kú.

Ẹ má bínú, ẹnu àgbà kì í pẹ́ kó tó padà sí àtijọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo jókòó kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nítorí ríìmù mẹ́rin ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé mi yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti há mi lọ́fun láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Adéwọlé. Wọlé ni mo ń pè é. Òun ń pe èmi ní Kẹ́mísìrì, torí ohun tí mo kà nílé ìwé nìyẹn. Yàrá kan náà la gbé ní yunifásítì, àwa mẹ́rin: èmi, Wọlé, Táíwò tó máa ń kọrin bó bá ń wẹ̀, àti Sùnmọ́nù tí kì í jẹ́ ká sùn bí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí èmi àti Wọlé fẹ̀yìn tì, Ẹ̀gbẹ́dá la jọ fìdí sí. Bí mo bá rọra rìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń dé ilé rẹ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kíndìnrín Wọlé daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní wọn yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, omi àti ìdọ̀tí á máa kún inú ara rẹ̀ títí yóò fi pa á. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀.

Ta ni yóò máa gbé e lọ? Kọ́lé, ọmọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kọ́lé, kò mọ ọkọ̀ wà. Mo ní èmi nìyí. Ọkọ̀ mi ti darúgbó, èmi náà sì ti darúgbó, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ṣì ń rìn. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, màá ti tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Á yọ fìlà síta, á ní, "Dírẹ́bà, o tún pẹ́!" Kódà bí mo bá tètè dé, ohun tó máa sọ nìyẹn.

Nígbà tó yá, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ afẹ́fẹ́ nù. Ní Ìṣẹ́gun kan, mo jí bá táyà iwájú ní pẹrẹsẹ. Wákàtí kan gbáko la fi pẹ́ dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kò bú wa o, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kedere: ẹ̀rọ kò tó, èrò pọ̀, bí a bá tún pẹ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí i.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá fọkanáísà tó ń bá mi tún táyà ṣe. Ó ní kò sí ohun tó ṣe táyà. Ríìmù ni! Ìpáàrà ti jẹ etí irin náà níbi tó yẹ kí táyà ti lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà yọ. Ó ní kí n lọ ha á, kí n sì kùn ún.

Ó ku èwo? Ọ̀dà ni àbí páúdà?

Mo kọ́kọ́ lọ bá Alàájì Múfútàù ní Ìgàndó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ń kun ọkọ̀ mi láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ní ọ̀dà ni kí n lò. Ọ̀dà fẹ́lẹ́, bí òkúta bá bù ú, màá rí i, màá mú un padà wá, òun á sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ó ní páúdà náà dára, ó lágbára ju ọ̀dà lọ fíìfíì, àmọ́ ó nípọn, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kò yẹ kó dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ní ọjà rẹ̀ ló ń polówó. Ọkùnrin tó ń jẹun nídìí ọ̀dà, kí lẹ tún fẹ́ kó sọ?

Mo bi Wọlé náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Kẹ́mísìrì, ọkọ̀ tó dàgbà ju àbúrò ìyàwó ẹ lọ, bàtà tuntun lo fẹ́ wọ̀ fún un?"

Mo ní bàtà tó máa pẹ́ ni mo fẹ́.

"Kùn ún lọ́dà jàre! Ọdún mélòó ni àwa méjèèjì tún fẹ́ fi gùn ún?"

Àwàdà ló fi ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí léegun. Ọ̀dà á lo ọdún méjì, bó pẹ́ títí ọdún mẹ́ta. Páúdà, wọ́n ní á lo ọdún mẹ́wàá. Lójú tèmi lọ́jọ́ náà, bí mo bá yan ọ̀dà, mo ti gbà pé Wọlé kò ní pẹ́ láyé nìyẹn. Mi ò gbà. Páúdà ni mo yàn. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ní Ọjọ́ Rú, èmi àti Wọlé gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kàsímù, lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Ọmọ Ìbàdàn ni Kàsímù, yóò tó ẹni ọdún márùnlélọ́gbọ̀n, ó níyàwó, ó bímọ méjì. Fúnra rẹ̀ ló fi páànù àti bíríkì kọ́ ààrò ńlá tó fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ lé orí òkúta, wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọlé kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síwájú ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń kí i pé, "Kábíyèsí!" Òun náà ń juwọ́ sí wọn.

Kàsímù fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lu ríìmù náà, ìpáàrà kúrò títí irin fi funfun. Ó ṣàlàyé fún mi pé páúdà náà gbẹ bí ìyẹ̀fun, iná mànàmáná ló ń mú kó lẹ̀ mọ́ irin, tó bá wọ inú ààrò ni yóò tó yọ́, tí yóò sì di awọ. Inú mi dùn. Ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀!

Lẹ́yìn náà, ó gbé agolo kan wá tí nọ́ọ̀tì àtijọ́ kún inú rẹ̀. Ríìmù kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin tí nọ́ọ̀tì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ń jókòó sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ wọ̀nyẹn dí ojú ihò náà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

"Bàbá, a kì í jẹ́ kí páúdà dé ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Irin pẹ̀lú irin ló yẹ kó pàdé níbẹ̀, sà."

Mo wo ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìpáàrà ti jẹ jù lọ! Mo ní kó yọ gbogbo rẹ̀, kó kun ríìmù náà látòkè délẹ̀, kó má fi ibì kankan sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tó ń fa ìpáàrà. Kó tó dáhùn, mo ti dá ara mi lóhùn: omi àti afẹ́fẹ́ ni, ibi tí irin bá ti wà níhòòhò ni wọ́n ń gbà wọlé. Mo ní mo ti ka ìwé rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó bí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì yẹn…"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kẹ́mísìrì ni?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Kàsímù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹrí ba.

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà."

Ó kó àwọn nọ́ọ̀tì náà padà sínú agolo, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan.

Wọlé sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pariwo: "Kẹ́mísìrì! Jẹ́ kí ọlọ́wọ́ lo ọwọ́ ẹ̀!" Mo ní kó máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ o. Ohun tí mo sọ nípa ìpáàrà, òótọ́ ni, ẹ lọ wò ó nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpáàrà ni Kàsímù ń sọ. Ọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀tì yóò ṣe di irin mú ló ń sọ. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ni mo ń dáhùn.

Nígbà tí ríìmù jáde nínú ààrò ní ìrọ̀lẹ́, tó tutù, ó ń dán bíi fàdákà. Wọ́n wọ táyà sí i, wọ́n dì í pa dáadáa. Wọlé súfèé. Ó ní ọkọ̀ mi dà bí arúgbó tó wọ eyín tuntun. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, a kò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Wọlé ní nǹkan ń ké. Mo ní ọ̀nà ni.

"Ọ̀nà kì í ké báyìí, Kẹ́mísìrì."

Mo ní tí a bá dé ilé ìwòsàn, màá wò ó. Mi ò fẹ́ ká pẹ́! Ṣé ẹ rí i? Nítorí kí a má bàa pẹ́ ni mi ò ṣe dúró.

Nígbà tí a ń wọ Ìyànà Ìpájà, sítíárìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń yí lọ níwájú wa, ríìmù rẹ̀ ń dán yanran nínú oòrùn àárọ̀. Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yọ báyìí. Àfi gbàgà! Imú ọkọ̀ mi ti balẹ̀, irin ń ha ọ̀dà títì, ọkọ̀ wọ́ lọ díẹ̀, ó dúró láàárín ọ̀nà.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ kan yọ orí jáde, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti sá lọ o!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sáré wá ràn wá lọ́wọ́. Orúnkún Wọlé bó díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa ti dí ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ míì tó lè kọjá dé ọ̀dọ̀ wa. Wọlé kò lè rìn jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú láti alẹ́. Kí àwọn ọkùnrin tó gbé ọkọ̀ mi kúrò lọ́nà, kí a tó rí ọkọ̀ míì wọ̀, agogo mẹ́wàá ti kọjá. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, obìnrin kan ti wà lórí ẹ̀rọ náà, ó ń sùn. Nọ́ọ̀sì wo wá tàánú-tàánú. Ó ní ẹ̀rọ kejì ti bàjẹ́ láti àná, kí a wá ní ìdájí Ọjọ́ Ajé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a padà délé, Ìyá Kọ́lé pe ilé ìwòsàn méjì míì lórí fóònù. Ọ̀kan ní kò sí àyè, èkejì ní àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà kò sí níbi iṣẹ́. Wọlé ló wá ń tù wá nínú. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré kọ́ ni? Ó ní òun á dín omi tí òun ń mu kù.

Ní Àbámẹ́ta, ojú rẹ̀ ti wú. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, kò lè mí mọ́. Aládùúgbò wọn kan sáré gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́nà. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mo ń gbàdúrà fún un, nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú àpò.

Kọ́lé dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi yọ. A jọ lọ bá mẹkáníìkì tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí lọ́dọ̀. Ó fi èékánná ha ojú ihò nọ́ọ̀tì, páúdà tó ti fọ́ ń já bọ́ bí èèpo ẹyin. Ó ní nọ́ọ̀tì kò di irin mú rárá, páúdà ló dì mú. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, páúdà ń rún, nọ́ọ̀tì ń dẹ̀. Ó ní ta ni aláìmọṣẹ́ tó ṣe irú èyí?

Kọ́lé yíjú sí mi. "Bàbá, ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Kàsímù, ní Ìkòtún."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ nìkan ni mo dá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Kàsímù, ó sì wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àgbàlá Wọlé, níwájú àwọn tó wá kí ìdílé. Ó ní kí wọ́n foríjì òun, pé ọwọ́ òun ni. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó tún dojú bolẹ̀. Kò sọ pé èmi ni mo pàṣẹ. Àbí kí ló fẹ́ sọ? Kó nàka sí àgbàlagbà nílé ọ̀fọ̀?

Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Mo jókòó lórí àga, mo mú ọ̀pá mi dání, mo wò wọ́n títí tí ọlọ́pàá tí Kọ́lé pè fi mú un lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, ó pọn ọmọ. Ìyàwó Kàsímù ni. Kí n tó ní kó jókòó, ó ti kúnlẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ẹni tí ìdílé náà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ni mí, kí n jọ̀wọ́, kí n bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí! Ó ń pè mí ní bàbá rere! Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wò mí.

Mo wọ bàtà. Mo lọ bá Ìyá Kọ́lé àti Kọ́lé ní pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: agolo nọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ tí Kàsímù sọ, ọ̀rọ̀ tí mo fi gé e lẹ́nu. Kọ́lé dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ìyá Kọ́lé kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ we.

"Mo mọ̀. Wọlé sọ fún mi nírọ̀lẹ́ Ẹtì. Ó ní kí n má jẹ́ kó dìjà láàárín wa. Láti àná ni mo ti ń wo ẹnu yín, Bàbá Fúnmi. Mo fẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ yín jáde ni. Ọmọ ọlọ́mọ sì ti sun àtìmọ́lé mọ́jú."



Kọ́lé ló lọ tú Kàsímù sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ti ìsìnkú, Ìyá Kọ́lé ní kí n wá, ṣùgbọ́n kí n má sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin nípa Wọlé. Inú àpò agbádá mi ló wà títí wọ́n fi da erùpẹ̀ bo Wọlé.

Bí mo bá pàdé Kàsímù ní Ìkòtún báyìí, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, sà." Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ọ̀dà tàbí páúdà, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí irin pàdé irin níbi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, kí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé, ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í sọ òótọ́ fún àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a bá jágbe mọ́ ọn, yóò ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹ̀yin àgbà, bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dákẹ́, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ìgbà wo lẹ gbé ohun tẹ́ ẹ mọ̀ mì nítorí àgbà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá ka gbogbo rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ẹnìkan bi mí lọ́jọ́sí pé àwa mẹ́rin tí a jọ gbé yàrá yẹn ńkọ́. Táíwò ti kú, ó ti pẹ́. Sùnmọ́nù wà láyé, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ní Kàdúná, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Mo pè é pé Wọlé ti lọ, ó bi mí pé Wọlé wo. Wọlé ti kú. Èmi wà láyé.